Igi Oríire Tó Kú Mọ́ Mi Lọ́wọ́ ní Kubwa

Ọ̀pá lucky bamboo márùn-ún ló kú mọ́ mi lọ́wọ́ láàárín oṣù méje. Kò sí èyí tí kòkòrò jẹ nínú wọn. Èmi ni mo pa wọ́n, gbogbo ohun tí mo sì fi pa wọ́n, ìtọ́jú ni mo pè é. Bí o bá ní irú rẹ̀ nílé tàbí ní ṣọ́ọ̀bù, tí ewé rẹ̀ ti ń gbẹ láti ṣónṣó wá, jọ̀ọ́, má tíì da nǹkan kan sínú omi yẹn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bó ṣe ṣe mí.

Aṣọ ni mò ń rán, ní Kubwa níbí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ni mo ti rán an fún ọdún mẹ́rin kí n tó rí owó gba ṣọ́ọ̀bù ní oṣù kọkànlá ọdún 2021. Lọ́jọ́ tí mo ṣí i, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà mi, àǹtí kan tó máa ń lọ kó léèsì wá láti Guangzhou, gbé ẹ̀bùn wá fún mi: ọ̀pá tútù mẹ́ta tí wọ́n fi rìbọ́nù pupa so pọ̀, nínú ìkòkò gíláàsì tó ní òkúta wẹẹrẹ nísàlẹ̀. Ewé ń yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Ó wù mí púpọ̀.

Àǹtí ṣàlàyé fún mi pé àwọn ará Ṣáínà ní ìtumọ̀ fún iye ọ̀pá tí èèyàn bá fi tọrẹ. Méjì wà fún ìfẹ́. Mẹ́ta wà fún ayọ̀, ọrọ̀ àti ẹ̀mí gígùn. Wọn kì í fún èèyàn ní mẹ́rin, torí bí wọ́n ṣe ń pe mẹ́rin lédè wọn jọ bí wọ́n ṣe ń pe ikú. Mo kúnlẹ̀, mo dúpẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n yíjú padà, wọ́n ní, "Àbúrò mi, ṣáà má jẹ́ kó kú o. Oríire ni."

Ìfẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára ju ẹ̀bùn náà lọ. Oyún oṣù mẹ́ta wà nínú mi nígbà náà, gbogbo owó tí mo ní sì ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi ìbẹ̀rù wo igi yẹn, ìbẹ̀rù ọ̀hún ni kò sì jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ kó sinmi.

Etí fèrèsé iwájú ni mo kọ́kọ́ gbé e sí, kí àwọn tó ń kọjá lè máa rí i. Fèrèsé yẹn kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá mọ oòrùn Àbújá láti aago méjì ọ̀sán títí di aago márùn-ún, lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, yóò ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí ewé tó kọjú síta fi ṣá, tó ní àpá funfun tó gbẹ, bí ìgbà tí áyọ́ọ̀nù tó gbóná jù bá kan aṣọ sílíìkì. Mo rò pé òùngbẹ ló ń gbẹ ẹ́. Mo bu omi sí i títí omi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu ìkòkò.

Àṣìṣe méjì nìyẹn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Abẹ́ igi ńláńlá nínú igbó ni irúgbìn yìí ti wá, ìmọ́lẹ̀ ló fẹ́, kò fẹ́ oòrùn lára. Ibi tí o bá ti lè fi okùn sí ojú abẹ́rẹ́ lọ́sàn-án láì tan iná, tí oòrùn kò sì kàn ọ́, ibẹ̀ ló dára fún un. Ní ti omi, kó ṣáà ti bo gbòǹgbò. Ara ọ̀pá tó wà lókè gbòǹgbò kò nílò rẹ̀. Nígbà tí mo bu omi dé àárín ọ̀pá, mò ń rì í ni.

Mo gbé e kúrò létí fèrèsé nígbà tó yá, mo gbé e sórí tábìlì tí mo ti ń gé aṣọ. Àsìkò yẹn ni ọyẹ́ dé. Ọyẹ́ ìhín kò jọ ti ilé wa ní Ìkirè rárá. Ètè ń bẹ́, gìgísẹ̀ ń la, eruku pupa ń bà sórí gbogbo nǹkan kí ilẹ̀ tó mọ́. Ṣónṣó ewé igi mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, ó ń pọ́n bí ewé tábà. Mo fi ẹ̀bi náà sórí ọyẹ́, òótọ́ sì wà níbẹ̀, torí afẹ́fẹ́ gbígbẹ máa ń ṣe é, fáànù tí mo sì gbé kọjú sí i gan-an tún dá kún un. Àmọ́ omi ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù.

Ọ̀dọ̀ mérúwà ni mo ti ń ra omi, omi borehole inú jẹ́ríkáànù onílítà 20. Omi yẹn mọ́ lójú, kò lóòórùn, òun la fi ń sè, òun la fi ń wẹ̀. Ṣùgbọ́n inú kẹ́tù mi funfun nítorí rẹ̀, ohun kan le mọ́ ọn nísàlẹ̀ bí ẹfun. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i, n kò sì fi ìgbà kan rò pé ohun tó ń dì mọ́ irin kẹ́tù lè máa ṣe ewé ní nǹkan. Nígbà tí omi inú ìkòkò igi bá fà, mo kàn ń bu òmíràn lé e ni. Omi ń lọ, ohun inú omi ń dúró, ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́. Ìlà funfun kan ti yí gíláàsì náà ká níbi tí omi ti ń fà sílẹ̀. Ó wà níbẹ̀ kedere, mo fi aṣọ nù ún, mo tún bu omi kan náà sí i.

Omi ẹ̀rọ tó ń wá láti ìdídò Usuma ní wàhálà tirẹ̀. Chlorine tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi kò bá igi yìí lára mu. Ṣùgbọ́n èyí rọrùn: bu omi sínú abọ́ tó fẹ̀ lẹ́nu, fi í sílẹ̀ láì dé di ọjọ́ kejì, òórùn yẹn á ti lọ. Ti borehole kò rí bẹ́ẹ̀. Bó bá sun ọjọ́ mẹ́wàá nínú abọ́, ohun tó wà nínú rẹ̀ á ṣì wà níbẹ̀.

Ohun tó pa àwọn ọ̀pá mẹ́ta àkọ́kọ́ gan-an ni ajílẹ̀. Aládùúgbò mi kan ní ṣọ́ọ̀bù wò ó, ó ní ebi ló ń pa á. Mo wá ajílẹ̀ NPK, irú èyí tí wọ́n ń fi sí ìdí àgbàdo, mo bu ṣíbí ìrotíì kan sínú ìkòkò kékeré yẹn. Ní ọjọ́ kẹrin, nígbà tí mo ṣílẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀, òórùn kan kọlù mí bí omi ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ fún fùfú. Gbòǹgbò ti dúdú, ó ń já bí mo ṣe ń fọwọ́ kàn án. Ọ̀pá kan ti ń pọ́n láti ìsàlẹ̀ bọ̀ bí èso ìyeyè, nígbà tí mo sì tẹ̀ ẹ́, ó rọ̀ lábẹ́ ìka mi.

Ó yẹ kí n yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ọ̀pá tó bá ti di yẹ́lò tó sì rọ̀ kì í padà di tútù mọ́, bó bá sì wà nínú omi kan náà pẹ̀lú àwọn yòókù, ìjẹrà rẹ̀ yóò ràn wọ́n. N kò yọ ọ́. Mẹ́ta ni wọ́n fún mi, ayọ̀, ọrọ̀, ẹ̀mí gígùn, bí mo bá yọ ọ̀kan, èwo ni mo yọ? Ohun tí mò ń bi ara mi léèrè nìyẹn, lálẹ́, tí ọwọ́ mi wà lórí ikùn. N kò sọ fún ọkọ mi. Mo tú omi dànù, mo ṣan òkúta, mo dá ọ̀pá tó ń jẹrà padà sáàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, mo gbàdúrà sí i.

Oṣù kìíní sì ni. Kò sí télọ̀ tí kò mọ̀ pé iṣẹ́ kì í sí ní oṣù kìíní. Àwọn èèyàn ti ná owó tán lórí Kérésìmesì, owó ilé ìwé ọmọ ló kù tí wọ́n ń wá. Mo ti ránṣọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, mo mọ èyí dáadáa. Síbẹ̀, lọ́dún yẹn, gbogbo ọjọ́ tí ẹnì kankan kò wọlé, igi yẹn ni mò ń wò. Mo kọ èyí nítorí mo mọ̀ pé àwọn kan wà tó ń wo igi tiwọn báyẹn lónìí. Nígbà tó fi máa di àárín oṣù kejì, ọ̀pá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti lọ. Mo fi bébà wé wọn, mo jù wọ́n nù lálẹ́ kí ẹnikẹ́ni má bàa rí mi.

Mo lọ ra òmíràn ní oṣù kẹta, lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta òdòdó lẹ́bàá ọ̀nà ní Jabi. Mẹ́ta ni mo rà, ₦4,500, kí àǹtí má bàa mọ̀ pé tiwọn ti kú. Mo gbé e délé, mo tú u wò, mo rí i pé gbòǹgbò rẹ̀ pupa. Ojú tí mo fi rí gbòǹgbò dúdú lẹ́ẹ̀kan ni mo fi wo pupa yìí. Mo ní àìsàn ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Mo mú àlùmọ́gàjí, mo gé gbogbo rẹ̀ kúrò.

Gbòǹgbò pupa, tàbí èyí tó jọ àwọ̀ ọsàn, gbòǹgbò tó le koko, ara líle ni ti igi yìí. Dúdú tó rọ̀, tó ń rùn, ni àìsàn. Inú mi kì í dùn bí mo bá rántí ọjọ́ yẹn, torí igi tí kò ní nǹkan kan ṣe ni mo gé lẹ́sẹ̀. Méjì nínú wọn kú kí oṣù karùn-ún tó parí. Ẹ̀kẹta ń pọ́n nísàlẹ̀, orí rẹ̀ ṣì tutù.

Mo bímọ ní oṣù karùn-ún, ọmọbìnrin, àlàáfíà ni fún ìyá, àlàáfíà ni fún ọmọ. Màmá mi wọ mọ́tò láti Ìkirè wá bá mi wẹ ọmọ. Ọkọ mi ti bá mi gbé igi tó kù wá sílé, ó wà lórí tẹlifísàn. Ọjọ́ kejì tí màmá dé, wọ́n dúró níwájú rẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀.

"Ta ló fi pèrègún sínú omi báyìí?"

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe pèrègún. Lucky bamboo ni. Láti Ṣáínà ni wọ́n ti ń kó o wá."

Wọ́n fi àtàǹpàkò tọ oríkèé ọ̀pá náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, wọ́n tẹ́ ewé kan sọ́wọ́ wò. "Wo bí ewé ṣe di ara ọ̀pá mú. Wo oríkèé. Pèrègún ni. Ó kàn kéré ni."

Alẹ́ ọjọ́ yẹn, bí ọmọ ṣe ń mu ọmú, mo fi ọwọ́ kan wá a lórí fóònù. Kì í ṣe ọparun rárá. Koríko ni ọparun. Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ fún igi yìí ni Dracaena sanderiana, orúkọ pèrègún ilé wa lọ́dọ̀ wọn sì ni Dracaena fragrans. Ìdílé kan náà ni. Kì í ṣe ọmọ Ṣáínà pàápàá. Ilẹ̀ wa níbí ló ti wá, láti igbó Kamẹrúùnù àti àwọn ilẹ̀ tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣáínà ni wọ́n ti ń gbìn ín tà, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ kọ́rọkọ̀rọ, tí wọ́n ń fún un ní ìtumọ̀. Mo ka ìyẹn fún màmá. Kò yà wọ́n lẹ́nu. Wọ́n bi mí pé ṣé mo rántí pèrègún tó wà láàlà ilẹ̀ bàbá wa àgbà àti ti àbúrò wọn. Mo rántí. Wọ́n ní, "Ta lo rí tó ń bu omi sí i? Ta ló ń da ajílẹ̀ sí i?"

N kò lè ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe tú mi sílẹ̀. Ohun tí mo ti ń bẹ̀rù fún oṣù méje, mo ti ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá láti kékeré, tí mo ń fi ewé rẹ̀ ṣeré.

Màmá fọ ọ̀bẹ, wọ́n fi omi gbígbóná ṣàn án. Wọ́n gé ọ̀pá náà lókè ibi tí àwọ̀ yẹ́lò dé, níbi tí inú rẹ̀ ṣì funfun tó sì le, wọ́n rí i dájú pé oríkèé kan wà nísàlẹ̀ orí igi tí wọ́n gé mú, torí ara oríkèé ni gbòǹgbò tuntun ti ń yọ. Wọ́n sọ èyí tó ti jẹrà nù láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Òjò ti ń rọ̀ dáadáa nígbà náà, abọ́ ńlá kan wà níta lábẹ́ òrùlé. Wọ́n ní kí n jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ òrùlé ná kí n tó gbe omi. Omi òjò yẹn ni wọ́n bù sínú ike kan tí ìmọ́lẹ̀ kò lè wọ̀, ìwọ̀n ìka mẹ́ta, wọ́n ki orí igi náà bọ̀ ọ́. Ike tó ṣókùnkùn yẹn wúlò ju bí mo ṣe rò lọ. Nínú gíláàsì mi, ohun aláwọ̀ ewé kan máa ń yọ̀ mọ́ ara ìkòkò àti òkúta, ìmọ́lẹ̀ tó ń wọ inú omi ló ń fà á.

Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí gbòǹgbò tó yọ. Pupa ni. N kò gé e.

Nǹkan kan wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn tó ní ọmọ ọwọ́ nílé. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin yẹn, mo gbé ike náà sítòsí fèrèsé yàrá wa, lọ́jọ́ kan tí mo wo inú rẹ̀, tanwíjí ń jà níbẹ̀. Ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ń sùn ní ẹsẹ̀ mẹ́ta síbẹ̀. Ẹ̀rù tó bà mí lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀rù tó nídìí ni. Omi tó dá dúró ni ẹ̀fọn ń wá, kò bìkítà bóyá inú táyà ni tàbí ìdí igi oríire. Ní ọdún 2001, ní California ní Amẹ́ríkà, wọ́n rí ẹ̀fọn tí kì í ṣe ti ilẹ̀ wọn nínú àpótí ẹrù ọkọ̀ ojú omi tó kó lucky bamboo wá láti Ṣáínà, nínú omi tí wọ́n fi igi náà sí. Láti ìgbà náà, ọjọ́ Sátidé ni mò ń pààrọ̀ omi, n kì í jẹ́ kó kọjá ọjọ́ méje. Mo tú u dànù pátápátá, mo fọwọ́ nu inú ike, mo ṣan gbòǹgbò. Bíbu omi tuntun lé ti àtijọ́ kò lè pa tanwíjí.

Nígbà tó yá, mo gbé e kúrò nínú omi, mo gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀. Inú omi ló ti wọ́pọ̀ jù, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ bí omi bá dára, àmọ́ ilẹ̀ ló bá a lára mu jù. Garawa ọ̀dà kékeré ni mo lò, mo lu ihò sí i nídìí, mo po iyẹ̀pẹ̀ dúdú mọ́ yanrìn kí omi má bàa dúró. Mo ń fi ìka wọ inú rẹ̀ dé oríkèé kejì. Bó bá ṣì tutù, mo fi í sílẹ̀. Ewé tó ti jó ní ṣónṣó kò padà tutù, kí ẹnikẹ́ni má retí rẹ̀. Ewé tuntun ni kí o máa wò. Ewé mẹ́rin àkọ́kọ́ tó yọ lẹ́yìn omi òjò yẹn, kò sí àpá kankan lára wọn, ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ dájú pé omi ni.

Òjò máa ń dáwọ́ dúró níbí ní oṣù kẹwàá, kò sì ní padà títí di nǹkan bí oṣù kẹrin. Mo ń pa omi òjò mọ́ sínú jẹ́ríkáànù tí mo dé pa. Bó bá tán, píọ̀ wọ́tà ni mò ń lò, èyí tí kì í fi àmì funfun sílẹ̀ nínú kẹ́tù. Bí ọyẹ́ bá dé, mo ń fi aṣọ tútù nu eruku kúrò lórí ewé. Ajílẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, nígbà òjò, èyí tí mo fi ìka méjì mú sínú omi lítà márùn-ún, tí mo sì bu ife kan nínú rẹ̀ sí i. Mo máa ń gbé e jìnnà sí ológbò wa, torí ewé rẹ̀ lóró fún ológbò àti ajá bí wọ́n bá jẹ ẹ́.

Àǹtí wá sí ṣọ́ọ̀bù ní oṣù kẹta ọdún tó tẹ̀ lé e, wọ́n kó léèsì wá fún mi rán. Mo ti dá igi náà padà sí ṣọ́ọ̀bù nígbà náà, ó wà ní kọ̀rọ̀ tó jìnnà sí fèrèsé, ó ti ga sí i dáadáa, mo sì ti gé orí rẹ̀ gbìn lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n wo inú garawa, wọ́n bi mí níbo ni ìkòkò gíláàsì wà. Mo sọ òótọ́ fún wọn. Mo ní mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí wọ́n fún mi ti kú, pé mo ra mẹ́ta mìíràn kí wọ́n má bàa mọ̀, pé méjì tún kú.

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. Wọ́n ní tiwọn náà ti kú nílé, ẹ̀ẹ̀mẹta, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni rí.

Mo mú ọ̀bẹ, mo gé orí ọ̀kan fún wọn, mo fi aṣọ tútù wé ìdí rẹ̀, mo fi ọ̀rá bò ó. N kò sọ fún wọn pé kí wọ́n má jẹ́ kó kú. Mo bi wọ́n pé ibo ni fèrèsé pálọ̀ wọn kọjú sí.